Ìwé Ọjà àti Ìwé Ikú: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Oògùn Apàrora, tí a ṣe ní Mọnróvíà

Mo kọ́kọ́ tẹríba fún àwọn onílé, àwọn ọmọ Làìbéríà tí wọ́n bá wa péjọ, nítorí pé àlejò kì í jókòó sí ààrin ilé kí ó máa sọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ onílé láìkọ́kọ́ tẹríba fún un. Mọnróvíà ìlú etí òkun, ìlú orí òkè Ducor, tí odò Mesurado ń ṣàn wẹ̀ lápá kan tí òkun ńlá ń bì lù lápá kejì, ti gba ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà mọ́ra láti ìgbà tí ECOMOG, àwọn ọmọ ogun tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ, ti gúnlẹ̀ síbí ní ọdún 1990, àwọn mìíràn sì ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí ogun tó dé rárá. Bí ìyà bá ń jẹ ìlú tí ó gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, kò yẹ wá kí a káwọ́ gbera máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ pè mí ni ọ̀rọ̀ oògùn apàrora àti ikú tí ń tẹ̀lé e. Ìdílé kan náà ni mọ́fíìnì, kodéènì, tramadol, tapentadol àti fentanyl ti jáde. Ara ewéko òpíọ́mù ni a ti rí àwọn kan, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ni ó ṣe àwọn kan jọ fúnra wọn, ṣùgbọ́n ibì kan náà nínú ọpọlọ ni gbogbo wọn ń lọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń pa ìrora, wọ́n ń mú ara tuni, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, wọ́n ń pa èémí mọ́ ìrora. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣojú wọn tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni tí ó ti lò ó jù kì í pariwo, kì í jà, kì í sáré. Yóò kọ́kọ́ máa tòògbé, orí rẹ̀ yóò máa tẹ̀ sí àyà. Lẹ́yìn náà yóò sùn lọ fọnfọn, yóò sì máa hanrun, ìhanrun tí ó wúwo, tí ó ń dúró, tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ óò rí i pé dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì títí ó fi kéré tó orí abẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn tí ó jókòó tì í yóò ní kí a jẹ́ kó sùn, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí wọn yóò fi padà wò ó, ara ti tutù.

Báwo ni a ti ṣe mọ̀ dájú pé bí oògùn yìí bá ti ń pọ̀ lórí àtẹ ni òkú ń pọ̀ ní ilé ìgbókùúsí? Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í sì í ṣe ìwàásù. Ìwé méjì ni a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a fi ọ̀kan ka èkejì: ìwé ọjà, tí ó sọ iye oògùn tí ó wọ ìlú, àti ìwé ikú, tí ó sọ iye ẹni tí ó kú àti ohun tí ó pa á.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Kermit. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pé irínwó. 392 péré ni. Ilé oògùn kan ṣoṣo ní ìlú yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ń pín oògùn kó hóró apàrora hydrocodone tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ láàárín ọdún méjì. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, tí ẹ mọ iye páálí tí ṣọ́ọ̀bù kan lè tà kí oṣù tó parí: ta ni ó kọ ìwé ọjà yẹn, ta ni ó di ẹrù náà, ta ni ó wa ọkọ̀ tí ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó béèrè pé irú àìsàn wo ló kọlu ìlú tí kò tó irínwó ènìyàn? Akọ̀ròyìn kan, Eric Eyre, ti ìwé ìròyìn Charleston Gazette-Mail, ni ó jà títí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ ìwé ọjà náà, tí ó sì gbé e jáde ní ìparí ọdún 2016. Ó fi hàn pé láàárín ọdún mẹ́fà, 780 mílíọ̀nù hóró hydrocodone àti oxycodone ni wọ́n dà sí West Virginia, àti pé láàárín ọdún mẹ́fà kan náà, 1,728 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ náà ni àlòjù oògùn méjèèjì pa. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2017, ó sì tọ́ sí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kermit ló ṣẹlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ Purdue Pharma gbé apàrora OxyContin jáde, tí wọ́n sì ń fi dá àwọn dókítà lójú pé ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó di bárakú. Láti 1999 sí 2010, títà àwọn oògùn yìí fi ìlọ́po mẹ́rin pọ̀ sí i, ikú tí wọ́n ń fà sì ń bá a gòkè ní ìgbésẹ̀ kan náà. Nígbà tí ó fi di 2012, ìwé oògùn irú yìí tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ láàárín ọdún kan ṣoṣo lé ní 255 mílíọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Purdue gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi, ní 2007 àti ní 2020. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ìwà ọmọ Amẹ́ríkà ni ó yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Àwọn ènìyàn ọjọ́sí náà ni wọ́n. Ọjà ni ó yí padà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ sórí adìyẹ.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti le jù ni mo fẹ́ dé báyìí. Nígbà tí ojú ìjọba là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn: wọ́n tún OxyContin ṣe ní 2010 kí ó má baà ṣeé lọ̀ mọ́, wọ́n fìyà jẹ àwọn dókítà tí ń fi ìwé oògùn ṣòwò, ìwé oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ńkọ́? A ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta láìṣí òmíràn fún wọn, bí ẹni tí ó dí gọ́tà lójú òjò tí kò la ọ̀nà fún omi. Wọ́n yà sí heroin. Nígbà tí ó sì di nǹkan bí 2013, fentanyl tí a ṣe láìgba àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú heroin àti inú ayédèrú hóró oògùn. Ní ọdún 2022, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 108,000 ènìyàn tí àlòjù oògùn pa ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó ju 80,000 lọ nínú wọn ló jẹ́ ti ìdílé òpíọ́mù. Ìgbà tí ó di 2024 ni iye gbogbo òkú náà tó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 80,000. Ọjà tí a tú sílẹ̀ láìṣọ́ pa ènìyàn. Ọjà tí a pa dé láìtọ́jú ẹni tí ó ti mú lẹ́rú tún pa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ti Jámánì ni ó gbé tramadol wá sí ọjà ní 1977, gẹ́gẹ́ bí apàrora tí ó rọ̀ ju mọ́fíìnì lọ. Nítorí pé kò sí lábẹ́ òfin àgbáyé tí ó de mọ́fíìnì, ó rọrùn láti kó kiri, àwọn oníṣòwò sì rí àyè níbẹ̀, nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ìparí ọdún 2017, UNODC, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kéde pé tramadol tí àwọn aṣọ́bodè ń gbẹ́sẹ̀ lé ní ìhà ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí ti kúrò ní 300 kílò lọ́dún, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gba mílíọ̀nù mẹ́ta hóró ní orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n dì sínú páálí tí ó ní àmì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lára. Mílígíráàmù àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ni dókítà ń kọ fún aláìsàn. 225 ni ó wà nínú hóró tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Kì í ṣe aláìsàn ni ẹni tí ó ṣe 225 ń rò nígbà tí ó ń ṣe é. Kò sì yẹ kí a fi ti ara wa pamọ́: nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lórí ọdún 2017, mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ni ó ń lo apàrora láìgba àṣẹ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni nínú gbogbo ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìhà ilẹ̀ Yorùbá ni lílo oògùn olóró lápapọ̀ ti ga jù, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Íńdíà fi òfin de tramadol ní oṣù kẹrin 2018. Ní oṣù karùn-ún, Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkodéènì wọlé, lẹ́yìn tí BBC ti gbé àṣírí rẹ̀ jáde. Kí ni ó tẹ̀ lé e? Ní oṣù kejì 2025, BBC kan náà fi hàn bí ilé iṣẹ́ Aveo ní ìlú Mumbai ti ń ṣe hóró kan tí a po tapentadol àti carisoprodol pọ̀ sínú rẹ̀, àpòpọ̀ tí orílẹ̀-èdè kankan láyé kò fọwọ́ sí, tí ó sì ti gba ìgboro Gáná, Nàìjíríà àti Ivory Coast kan. Ìjọba Íńdíà tètè gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é. Bí a bá pa ọ̀kan, òmíràn á dìde ní ipò rẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ní Mọnróvíà tiwa yìí, inú àpò dúdú ni oògùn ń gbé rìn. Gbogbo wa la mọ àwọn tí a ń pè ní black bagger, tí ń gbé oògùn kiri láti Waterside dé Duala, láti Red Light wọ inú àdúgbò, tí paracetamol, amoxicillin àti tramadol jọ ń sá sóòrùn lórí àtẹ kan náà. Àjọ LMHRA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2010 láti máa bójú tó oògùn, lè kọ ìwé sílẹ̀ nípa páálí tí ó gba ẹnubodè wọlé pẹ̀lú àṣẹ. Ṣùgbọ́n àpò dúdú kì í kọ ìwé ọjà. Ọmọkùnrin tí ń gun ọ̀kadà tí a ń pè ní pehn-pehn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ń ra hóró méjì kí ara má baà ro ó nínú kòtò. Ìyá tí ń ru ẹrù ń ra ọ̀kan nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́la hóró méjì kò ní tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwà ọ̀daràn kankan níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìrora ni, àti iṣẹ́ tí kò lópin.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tí oògùn ti di bárakú fún, tí ìlú ń pè ní zogo. Orúkọ yẹn máa ń dùn mí gbọ́. Nígbà ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1989 tí kò tán pátápátá títí di 2003, àwọn àgbà ni wọ́n fi oògùn sí ọmọdé lẹ́nu kí ó lè gbé ìbọn láìbẹ̀rù. Ogun parí, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn kan nínú wọn, àti àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá wọn lò, ti sùn sínú ibojì ní Palm Grove ní Center Street, láàárín ìlú, tí òkú àti alààyè jọ ń pín ilé gbé. Orí wọn ni oògùn olóró kan tí a ń pè ní kush wá bá. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ló ti gbilẹ̀, ní Freetown, ìlú àwọn Sàró. Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Wọ́n ní egungun òkú ni wọ́n ń lọ̀ sí i, débi pé àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí Global Initiative àti Clingendael yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2025, nǹkan bí ìdajì nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ní nitazene nínú. Ilé iṣẹ́ Ciba ti ilẹ̀ Switzerland ni ó kọ́kọ́ ṣe nitazene ní nǹkan bí 1957, gẹ́gẹ́ bí apàrora; agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ìjọba tí ó jẹ́ kí a fún aláìsàn. Àwọn kan nínú ìdílé nitazene lágbára ju fentanyl lọ. Oògùn tí ọ̀mọ̀wé kọ̀ láti fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń fà bí sìgá ní Clara Town. Ààrẹ Joseph Boakai kéde ọ̀rọ̀ oògùn olóró gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Ààrẹ Bio ti Sàró sì ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Mo gbóríyìn fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi kéde. Ìwé ni a fi ń ṣe é.

Mọnróvíà sì mọ bí a ti ń ka òkú. Nígbà Ebola, ní 2014 àti 2015, tí ó lé ní 4,800 ènìyàn tí ó bá a lọ ní ilẹ̀ yìí, ó dé ìgbà kan tí wọn kì í gbé òkú sin kí wọ́n tó gba itọ́ ẹnu rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ìbáà jẹ́ arúgbó tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọjọ́ ogbó ló dé sí i. Kíkà yẹn wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun àrùn náà. Ọmọ tí ó bá kú lónìí sí ẹ̀yìn ọjà Waterside ńkọ́? "Ó ṣubú, ó kú," wọn á wá ilẹ̀ bò ó. A kò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a kò kọ ohun tí ó lò, a kò béèrè ọ̀dọ̀ ta ni ó ti rà á. Níbi tí kò bá sí ìwé ikú, ẹni tí ń ta ikú kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi kí ẹ wá sọ pé kí a kó gbogbo apàrora dà sínú òkun. Ìyá tí jẹjẹrẹ ọmú ń dà láàmú, tí ń ké ní òru tí kò sí ẹni tí ó lè dáhùn, ó tọ́ sí mọ́fíìnì, òfin àgbáyé ti 1961 tí ó de oògùn wọ̀nyí náà sì sọ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ rí i lò. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé ìròyìn Lancet kó jọ ní 2017 ṣírò pé nínú nǹkan bí 298.5 tọ́ọ̀nù apàrora tí ayé ń pín lọ́dún, 0.1 tọ́ọ̀nù péré ni ó ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù. Ìwọ̀sí ni èyí: ẹni tí kò nílò rẹ̀ ń rí i ní gáréèjì, ẹni tí ó nílò rẹ̀ kò rí i ní ilé ìwòsàn. Ó sì ṣeé ṣe lọ́nà tí ó gún. Ùgáńdà, láti ìgbà tí Dókítà Anne Merriman ti dá Hospice Africa sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1993, ń po mọ́fíìnì olómi fún aláìsàn, wọ́n sì yí òfin padà ní 2004 kí nọ́ọ̀sì tí a kọ́ lè fún aláìsàn. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ja irú ìjà yìí fún àwọn aláìsàn tiwa. Gbogbo ìgò ló ní ìwé, gbogbo ìwé ló ní orúkọ.

Ti àwọn tí ó ti di bárakú fún, kì í ṣe ẹgba ni a fi ń wò wọ́n. Ní Faransé, nígbà tí wọ́n gba àwọn dókítà àdúgbò láàyè láti máa fún wọn ní oògùn ìtọ́jú buprenorphine, ikú àlòjù fi ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láàárín 1995 àti 1999. Bí ẹnìkan bá ní ti òyìnbó nìyẹn, kí ó wo Dakar: ní ilé ìwòsàn Fann, ibùdó CEPIAD ti ń fún wọn ní oògùn ìtọ́jú methadone láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Oògùn naloxone, tí ń dá èémí padà fún ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti àjọ WHO tipẹ́tipẹ́. Ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwòsàn JFK, ní E. S. Grant tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, àti nínú àpò gbogbo ẹni tí ń bá àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ṣiṣẹ́.

Ó ku ohun tí ó kàn wá gan-an. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá bá ẹnìkan tí ń hanrun lọ́nà tí mo sọ, tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Ẹ fi í dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá ti ń mí fúnra rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oògùn nínú wa, mo mọ̀ pé ẹ wà níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta tramadol fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba 225 wọlé, bí ó ti wù kí èrè rẹ̀ tó. Kí a sì ní ìwé kan lórí káńtà tí a óò máa kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye sí, gbogbo ìgbà tí apàrora bá jáde lọ́wọ́ wa. Mo bẹ ẹgbẹ́ tí ó pe ìpàdé yìí pé kí ó kọ̀wé sí Ilé Iṣẹ́ Ìlera Làìbéríà, kí ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá kú lójijì wò, kí wọ́n sì máa tẹ iye wọn jáde lóṣooṣù, bí wọ́n ti ṣe nígbà Ebola. Èmi ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà bí akọ̀wé bá ti kọ ọ́ tán.